Láptọ́ọ̀pù tí ò tàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi RAM kún un

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ láptọ́ọ̀pù ní Lágere àti Mayfair n'Ífẹ̀, "ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀dù ti jóná" yìí ti ń pọ̀ jù lẹ́nu yín o. Kọ́sítọ́mà gbé láptọ́ọ̀pù wá, ó ń ṣiṣẹ́, 4GB RAM (ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí) ló wà nínú ẹ̀, ó ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di 8, ẹ tú u, ẹ fi RAM kún un, ẹ tan án, fáànù ń yí, iná ń tàn, ojú ẹ̀ wá ṣókùnkùn biribiri, lẹ bá ti ń wá ẹni tó máa gbé hot air (ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n fi ń tún bọ́ọ̀dù ṣe) wá. Ó ṣe wá jẹ́ bọ́ọ̀dù? Ṣebí ó tàn wá síwájú yín ni.

Ẹ yọ tuntun yẹn, kẹ́ ẹ dá ti àtijọ́ padà sáyè ẹ̀. Tó bá tàn, bọ́ọ̀dù ò jóná nìyẹn, RAM àbí ọwọ́ tó fi í síbẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà kò wọlé tán ni. Ẹ dagun ẹ̀ díẹ̀ wọnú slot (ihò tí RAM ń wọ̀), ẹ tì í dénú kí ibi aláwọ̀ góòlù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ kí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dún. Tí ọ̀kan bá dún tí ìkejì ò dún, kò tíì wọlé.

Èyí tó máa ń dà wá láàmú jù nínú ọjà tòkunbọ̀ ni DDR3 pẹ̀lú DDR3L, irú RAM méjì tó jọra. Ẹsẹ̀ 204 ni méjèèjì ní, ojú kan náà ni wọ́n ti gé wọn láàárín, torí náà wọ́n á wọlé wẹ́rẹ́ bákan náà. Àmọ́ DDR3 lásán, volt 1.5 ló ń jẹ, DDR3L lè lo 1.35, àwọn láptọ́ọ̀pù Intel 4th gen tó ń lo DDR3L, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní dá ti 1.5 yẹn lóhùn rárá, ẹ ò báà tẹ bọ́tìnnì dalẹ́. Sítíkà ni kẹ́ ẹ kà: PC3L lẹ̀ ń wá, kì í ṣe PC3. (Ẹni tó tà á fún yín á ní "ọ̀kan náà ni wọ́n", ẹ má dá a lóhùn.) Ti DDR4, kò tiẹ̀ ní wọlé, ẹ má fipá tì í.

Tí ti àtijọ́ náà ò bá wá tàn ńkọ́? Ẹ yọ ṣájà, ẹ já bátìrì, ẹ di bọ́tìnnì mú fún nǹkan bí 30 seconds, kẹ́ ẹ fi írésà ọmọ sùkúù nu ẹsẹ̀ RAM, kẹ́ ẹ wá máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, slot kan lẹ́ẹ̀kan. Tí Caps Lock bá ń ṣẹ́jú, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́ ẹ, ìwé model yẹn á sọ nǹkan tó ń wí. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fọwọ́ kan irin kẹ́ ẹ tó mú RAM, iná ara wa máa ń pọ̀ nígbà yẹn.

Àwọn tuntun tó ń lo DDR5, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mélòó kan lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń ka RAM lọ́wọ́ ni, ẹ má pa á.

Tó bá tàn, ẹ má tíì de skrúù. Ẹ wo BIOS (ojú ètò tẹ́ ẹ lè ṣí kí Windows tó wọlé) bóyá 8GB ló kà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí MemTest86 tó ń dán RAM wò ṣe ráúndì kan tán, kọ́sítọ́mà á dúró, torí RAM tòkunbọ̀ míì máa ń tàn dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, tó bá délé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé blue screen (ojú búlúù tó máa ń yọ tí Windows bá kú lójijì) jáde.