Àyẹ̀wò ọdún: 65 kì í ṣe àṣìṣe kíkà

Ọdún ń parí lọ, ọyẹ́ ti gba Ìbàdàn. Nínú gbogbo ohun tí kíkà kúrómósómù ẹja (okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá) kọ́ wa, ọ̀kan ló jẹ wá lọ́kàn jù: ẹ má da iye akọ pọ̀ mọ́ ti abo.

Ẹ wo stingray, ẹja pẹlẹbẹ onírù olóró inú odò Gúúsù Amẹ́ríkà. Paratrygon aiereba ní kúrómósómù 90. Abo Potamotrygon falkneri ní 66, akọ rẹ̀ ní 65. Ẹni tó bá kà wọ́n pọ̀ á ní ọ̀kan ti sọnù lórí síláìdì, gíláàsì pẹlẹbẹ tí a fi ń wò ó. Kò sọnù o. Y àtijọ́ (X àti Y ni kúrómósómù tó ń pinnu akọ tàbí abo) ló lẹ̀ mọ́ kúrómósómù mìíràn, méjì di ẹyọ kan. Ìyẹn ni akọ fi ní X1, X2 àti Y, tí abo sì ní X1 méjì, X2 méjì.

Inú kóró ẹpọ̀n ni ẹ̀rí wà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín láti di àtọ̀, kálukú kúrómósómù á wá ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ ó rí ìdì 31 tó jẹ́ méjì-méjì, àti ìdì kan tí mẹ́ta so pọ̀ sí: ìdì 32. Ká ní akọ náà kò ní Y rárá, tó jẹ́ X kan ṣoṣo ló ní, ìdì 33 lẹ bá rí, ọ̀kan á sì dá dúró. 65 kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ yàtọ̀. Ìdánwò tó dùn mọ́ wa jù nìyí.

Ẹja àrọ̀ la fi ń kọ́ ọwọ́ níbí. 56 ni tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ colchicine (oògùn tó ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró) 0.025%, mílílítà 1 fún gíráàmù 100 ẹja, ìṣẹ́jú 45 sí 60. Bó bá pẹ́ jù, kúrómósómù á sún kì, ẹ ò ní mọ apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kíndìnrín wẹ́wẹ́ nínú KCl (omi iyọ̀ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì wú) 0.075 M, 37°C, ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí wọ́n bá mú iná lọ, omi á tutù, kúrómósómù á sì gun orí ara wọn. Ẹ tọ́jú omi gbígbóná sínú fíláàsì.

KCl yìí kò bá stingray inú òkun mu. Urea (ohun ẹ̀gbin inú ìtọ̀) kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á mu omi títí á fi bẹ́. Potamotrygon kò tọ́jú urea pamọ́ mọ́ ní tirẹ̀. Ẹ má kàn ka Fontitrygon garouaensis inú odò Ọya àti Bẹ́núè mọ́ ọn: wọ́n kọ́kọ́ pè é ní Potamotrygon lọ́dún 1962, ṣùgbọ́n ẹbí àwọn ti òkun ni.

Láti mú sẹ́ẹ̀lì dúró bó ṣe wà, ẹ fi mẹ́táánọ̀ 3 sí acetic acid 1 fọ̀ ọ́, kó tutù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nínú ọyẹ́, síláìdì á gbẹ kí kúrómósómù tó ráyè tàn. Ẹ kọ́kọ́ nà án sórí ooru omi. Aró Giemsa 5%, ìṣẹ́jú 10. Ẹ ka sẹ́ẹ̀lì 30 ó kéré tán lára ẹja kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pá méjì tó wà lẹ́bàá ìdí lẹ fi ń mọ akọ stingray. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ akọ tàbí abo sára síláìdì, torí mẹ́táánọ̀ á fọ bíróò dànù.