Omi Tí Wọn Ó Fi Dáná Lálẹ́

Sátidé, Iléṣà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀.

Òórùn òògùn omi ṣì wà lọ́wọ́ mi, bí mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Ara ń ro mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ti òní sílẹ̀ kí n tó sùn. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ọkàn mi á ti rọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, n kò sì fẹ́ kó rọ̀.

Oko tí a padà sí lónìí wà lápá Àtàkúnmọ̀sà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé ibẹ̀ kò pé ogún. Tí òjò bá ti rọ̀, ọkadà nìkan ló ń débẹ̀, ọlọ́kadà á sì ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n bá dé ìdí òkè. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n gbé ọmọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ wá bá àwa òṣìṣẹ́ ìlera láti ibẹ̀. Ojú àwọn méjèèjì ti jìn wọnú, ìgbẹ́ wọn dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, wọ́n sì ń bì láìdákẹ́. Onígbáméjì ni. Àwọn baba wa sọ àrùn náà lórúkọ tí kò nílò àlàyé: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Ìyá yẹn, pẹ̀lú bí àárẹ̀ ṣe mú òun náà, ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ láti ilé: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Orí rédíò ló ti gbọ́ ọ. Bí kò bá po ó ni, bóyá òkú ọmọ ni à bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2021 nìkan, àwọn tí wọ́n fura sí pé àrùn yìí mú ní Nàìjíríà lé ní 111,000, àwọn tó kú nínú wọn sì lé ní 3,600. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí omi bá tètè wọ̀ lára kì í sábà kú.

Lọ́jọ́ kejì ni a lọ da òògùn sí kànga wọn. Mo wà níbẹ̀. Èmi gan-an ni mo di korobá mú. Ọkọ̀ gbé wa dé ibi tó lè dé, a rin ìyókù, a bá Lọ́jà, olórí oko náà, sọ̀rọ̀ lóòró, a da òògùn sómi, ẹnì kan nínú wa fi gbohùngbohùn kéde pé kí ẹnikẹ́ni má fa omi kànga títí òórùn yóò fi lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì bu omi odò mu. Oòrùn kò tíì kàn àtàrí tí a fi ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ parí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, gbuuru tún mú èèyàn mẹ́rin. Ìròyìn tó dé etí wa ni pé àwọn ará oko náà lágídí, pé odò ni wọ́n ń mu. Lágídí. Èmi náà sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo tún sọ ọ́ nílé fún ọkọ mi.

Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀ òní, a rí i pé wọ́n ti fi pákó bo kànga, wọ́n sì ta màrìwò yí ẹnu rẹ̀ ká. Ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rọra fà mí láṣọ, ó ní, “Àǹtí, wọ́n ti gbé òrìṣà sórí kànga o.” Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́jà ti lọ sóko kòkó, a bá lọ jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń yọ ẹ̀gúsí lábẹ́ igi ọsàn. Yèyé ni gbogbo wọn ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí i, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí, mo wá bi í léèrè ta ló so màrìwò mọ́ kànga.

“Àwa náà ni. Kí àwọn ọmọdé má baà lọ fà á. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí a má fà á?”

Mo ní, “Yèyé, láti ọjọ́ náà?”

“Ẹ ní títí òórùn yóò fi lọ. Ẹ kò sọ iye ọjọ́ tí òórùn yóò lò. Èmi ò gbóòórùn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ní àwọn ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ tún ní kí a má lọ sódò.” Ó dá ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ padà sínú igbá. “Ọmọ mi, omi wo ni kí n fi se iṣu lálẹ́ ọjọ́ náà?”

N kò rí èsì fọ̀. Màrìwò tí mo pè ní òrìṣà, àṣẹ wa ni wọ́n fi ń pa mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣọ́ kànga tó yẹ kí wọ́n ti fà láti ọjọ́ kejì. Òògùn tí a bá fi fọ kànga, mọ́jú ni í fi í ṣiṣẹ́. Nílẹ̀ ọjọ́ kejì, a ó fa omi náà dànù títí òórùn yóò fi rọlẹ̀, ó parí. Kò sí ẹni tó padà wá sọ fún wọn. Ẹni tí a bá sì ti kànga mọ́, tí kò ní ẹ̀rọ omi, tí kò ní owó omi inú ọ̀rá, odò ló kù fún un. Odò ọ̀hún sì ti ń pọ́n bí ẹrẹ̀ láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti ń wá góòlù lókè rẹ̀. Àwa la lé wọn lọ síbẹ̀.

Mo ti ń ro ó láti ìrọ̀lẹ́: irú èèyàn wo gan-an là ń pè ní alágídí? Mo rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ ni àǹtí ìyá mi pè mí, tó ń gbọ̀n, pé kí n dìde, kí n fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu díẹ̀. Ní gbogbo Iléṣà lówùúrọ̀ yẹn, iná ń tàn láti ojúlé dé ojúlé. Irọ́ ni, irọ́ tó léwu fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, àwọn kan sì kú láti ara iyọ̀ náà láwọn ibòmíràn lórílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí gbogbo ayé ṣe dìde láàárín wákàtí díẹ̀ láti ṣe ohun tí wọ́n gbọ́ pé yóò gba ẹ̀mí là! Ẹni tó fẹ́ràn wa ló pè wá, ó dárúkọ wa, ohun tó ní kí a lò wà nílé ìdáná. Kí ni ti wa fi jọ ìyẹn? Gbohùngbohùn, àti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ Ebola ọdún náà lẹ́yìn tó mú èèyàn 20, tí 8 kú nínú wọn. Dókítà Ameyo Adadevoh tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde nílé ìwòsàn wà lára àwọn tó kú. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Womey ní Guinea, àwọn ará abúlé pa èèyàn mẹ́jọ lára àwọn tó wá là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa àrùn náà. Ìròyìn yẹn kò jẹ́ kí n sùn nígbà náà, nítorí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni èmi náà ń ṣe. Kò sí ìbínú tó lè dá ìpànìyàn láre. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù irú yẹn kì í ṣàdédé hù lọ́jọ́ tí àlejò wọ̀lú.

Yèyé gan-an ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bí a ti ń retí Lọ́jà. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí Olóde bá wọ oko (kò dárúkọ ṣànpọ̀nná gan-an, títí di òní, kì í pe orúkọ náà), wọn kì í lùlù, wọn kì í kó èrò jọ, wọ́n á gbé aláìsàn lọ sí abà tó dá dúró, ẹni tó ti ṣe é rí tó sì yè é ni í gbé oúnjẹ lọ bá a. “Nọ́ọ̀sì wo ló kọ́ wa?” Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Òótọ́ ni, ẹni tí àrùn yẹn bá ti ṣe rí kì í sábà tún mú un. Nígbà ìjọba òyìnbó, Dókítà Oguntola Sapara wọ àárín àwọn àwòrò ṣànpọ̀nná, ó sì tú àṣírí pé àwọn mìíràn nínú wọn ń fi èépá aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àrùn ọ̀hún wà nílẹ̀ wa títí di ọdún 1970, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé e, pẹ̀lú àwọn tó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé láti wá ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọgbọ́n àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ sí abà, n kò rí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé kankan tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́.

Nítòsí wa níbí, ní Ìmèsí-Ilé, Dókítà David Morley tó wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild lọ́dún 1956 ló ṣe káàdì ìdàgbàsókè ọmọ, tó sì ní kí ó máa wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ìyá á sọ ọ́ nù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Lọ́jà dé lẹ́yìn aago méjì. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé. Ó wò mí títí, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún wa, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ omi yẹn. A yẹ kànga wò: òògùn ti tán pátá nínú rẹ̀, ó yẹ kí a tún un dà. Lọ́tẹ̀ yìí, kí a tó da ohunkóhun, a ní kí ilé kọ̀ọ̀kan fa omi tó máa tó wọn di ọ̀la sínú kẹ́ẹ̀gì. A fi oògùn oníhóró kọ̀ọ̀kan sí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi náà sì di mímu. Kò gbà ju ìyẹn lọ. Oògùn oníhóró yẹn wà nínú ọkọ̀ wa lọ́jọ́sí, páálí rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣí. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Wòlíì wọn náà wá. Lọ́jọ́sí, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun gbàdúrà sí kànga kí a tó da òògùn, àkókò kò sí, a ní kó máa bọ̀ nígbà mìíràn. Èmi ọmọ Iléṣà, ṣé kò yẹ kí n mọ̀? Lọ́dún 1930, ní Òkè-Òòyè wa níbí, ogunlọ́gọ̀ èèyàn rìn láti ọ̀nà jíjìn gbé omi wá kí Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà sí i. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ fojú rí òògùn mọ́ lẹ́yìn náà, ìyẹn sì ti fa ìnira bá iṣẹ́ wa rí. Ṣùgbọ́n wòlíì òní kò ní kí a má da òògùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi gbàdúrà. A ṣe àmín, a da òògùn.

Yèyé béèrè aago mélòó ni wọ́n lè fa kànga dànù lọ́la. Kò sí aago lára ògiri rẹ̀. Mo ní, nígbà tí òjìji igi ọsàn bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó mú èédú, ó fa ìlà síbẹ̀.

Lọ́jà pè mí lórí fóònù bí mo ti ń kọ èyí. Yèyé ló ní kó pè. Ó fẹ́ kí n mọ̀ pé omi inú kẹ́ẹ̀gì kò fi bẹ́ẹ̀ rùn, pé wọ́n ti se iṣu, wọ́n sì ti gún un.