Kí Ọwọ́ Tó Wọ Inú Ẹ̀rọ

Iṣẹ́ réwáyà ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta níbí. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ ata, àwọn tó ń lọ èlùbọ́ àti àwọn tó ń ṣe gàrí ni wọ́n ti ń pè mí jù, láti Láfẹ́nwá dé Kútọ̀, títí lọ sí Òsíẹ̀lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ láti fọ̀ ọ́, àpò ẹni náà gan-an ni kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tí wọ́n fi ti iná ẹ̀rọ yẹn pa gbọ́dọ̀ wà.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá fẹ́ palẹ̀ mọ́, nìkan ni wọ́n ń fọ ẹ̀rọ. Rárá o. Oníbàárà kan gbé ata dé, èyí tó tẹ̀ lé e gbé ẹ̀wà àkàrà, ẹnì kẹta gbé ògì ọmọ. Ta ló fẹ́ kí ata wọ ògì ọmọ òun? Torí náà, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń da omi sí ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ gbá ẹnu ẹ̀. Oníbàárà á tún dúró tì wọ́n, á máa pariwo: "Ìyá ẹlẹ́rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára, epo mi wà lórí iná!" Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ló wà nínú ẹ̀, ó sì máa ń tètè mọ́ bí wọ́n bá da omi sí i nígbà tó ṣì ń yí. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń fọ̀ ọ́ láìpa á. Bí wọ́n bá sì pa á, kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Á ṣì yí fúngbà díẹ̀, ọwọ́ á sì ti débẹ̀.

Ní ibi kan tí mi ò ní dárúkọ, iná lọ nígbà tí wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tó kù há sínú ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní kí òun yọ ọ́, kí òun sì fọ ibẹ̀ kí iná tó dé. Ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ẹ̀ nígbà tí àdúgbò pariwo "Up NEPA!" Ìka méjì ló bá a lọ. Nígbà tí wọ́n pè mí, àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀tá ni, àwọn kan ní Ògún ló ń bínú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo tú àpótí sítátà, èyí tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ. Kọ́ńtákítọ̀ inú ẹ̀, ìyẹn súìsì tó ń so iná mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, ti jóná tipẹ́, ẹnì kan sì ti so wáyà pọ̀ tààrà, ó fi téèpù dúdú wé e.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí iná bá lọ, kọ́ńtákítọ̀ tó dáa á já fúnra ẹ̀. Bí iná bá dé, kò ní í mú, àfi tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so wáyà tààrà, ojú iná dídé ni ẹ̀rọ á gbéra. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ mọ́tọ̀ ẹ̀rọ lọ́rùn, tí ohun tó ń dáàbò bò ó sì pa á: bí wọ́n bá ti tò ó pé kó máa mú padà fúnra ẹ̀, tí kò sì sí bọ́tìnnì, tó bá ti tutù, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹni tó ń yọ ohun tó há kò ní í mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti 1989 pé ẹni tó bá fẹ́ tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe tàbí kó fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ fi àgádágodo tiẹ̀ ti iná ẹ̀ pa. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ ń ṣe é, àgádágodo mẹ́ta ni. Àwa náà lè ṣe é níbí. Àpótí súìsì tó ní ihò àgádágodo wà lọ́jà. Àárín ẹ̀rọ àti ṣénjóvà, ìyẹn súìsì tí wọ́n fi ń yí láti iná ìjọba sí ti jẹnẹrétọ̀, ni kí wọ́n gbé e sí, kó lè gé iná méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti pa ti ìjọba, tí ọmọ kan sì lọ tan jẹ́ńì. Ẹ̀rọ tó ń lo dísù ní tiẹ̀, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó dúró pátápátá, kẹ́ ẹ sì yọ bẹ́líìtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì tí igi ẹ̀ gùn sàn ju ọwọ́ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìborùn tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ sún mọ́ bẹ́líìtì.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ gba èèyàn síṣẹ́, òfin 2010 ti wà nílẹ̀ tó ní kí ẹ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín fún àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó gbà. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀.

Lónìí yìí, ẹ tan ẹ̀rọ yín lófìfo. Kí gbogbo èèyàn jìnnà sí i, kẹ́ ẹ wá pa iná gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti méènì. Tí ẹ̀rọ bá ti dúró, ẹ tan méènì padà. Bí ẹ̀rọ bá gbéra láìsí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ má lò ó mọ́ títí réwáyà yín á fi wá fi kọ́ńtákítọ̀ sí i.