Mo fi òkè náà sílẹ̀ nínú òkùnkùn

Sátidé, aago 11 ti kọjá lálẹ́.

Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti jókòó ti fọ́tò kan ṣoṣo, èyí tí mo rò pé mo ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Òkè kan ni, adágún wà níwájú rẹ̀, ìkùukùu dùbúlẹ̀ sórí omi, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lẹ́yìn òkè. Ìdájí ni mo jí nítorí rẹ̀, mo rìn nínú ìrì títí bàtà mi fi rin gbingbin. Irú fọ́tò tí èèyàn máa ń rò pé kò ṣeé bà jẹ́ nìyẹn. Mo bà á jẹ́.

N kò mọ̀ pé mo bà á jẹ́ o. Òun ni mo gbé sí ojú kọ̀ǹpútà mi láti ìgbà náà. Àbúrò mi ló wọlé wá yá ṣájà lónìí, ló bá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sán ni ẹ ya èyí?"

Mo ní rárá, ìdájí ni, oòrùn kò tíì yọ tán.

"Hẹn-ẹ́n. Kí wá ni ìlà funfun tó yí orí òkè ká yẹn?"

Ó mú ṣájà, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi kò lè dìde mọ́. Ìlà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ń wò ó láìrí i.

Mo ṣí fáìlì RAW rẹ̀, ìyẹn ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀ gan-an láìtíì sè é. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú RAW ni pé ọwọ́ wa kì í kàn án. Ohunkóhun tí a bá ṣe, inú fáìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ parí sí XMP, ni ètò tí mò ń lò máa ń kọ ọ́ sí. RAW gan-an á wà bí kámẹ́rà ṣe bí i. Nítorí náà, gbogbo ìwà tí mo hù nígbà náà ló wà ní àkọsílẹ̀. Shadows, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn, 100. Clarity, tó ń mú kúlẹ̀kúlẹ̀ yọ, 60. Saturation, tó ń mú àwọ̀ le, 35. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń ka lẹ́tà tó kọ nígbà tí inú ń bí i. Kí ni mò ń wá nínú òkùnkùn òkè yẹn tí mo fi fa Shadows dé òpin? Igi ló wà níbẹ̀, àti àpáta. Kò sí ẹni tó sọ pé òun fẹ́ rí wọn.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí òdo. Fọ́tò náà wá rí bí RAW ṣe máa ń rí bí a bá kọ́kọ́ ṣí i, ó rí bàìbàì bí aṣọ tó ti ṣá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sá padà sí JPEG, fọ́tò tí kámẹ́rà ti sè tán, n kò sì bá wọn wí. Ohun tó wà nínú RAW kò tíì di àwòrán, òǹkà ni. Àwọn ojú kéékèèké tó wà lórí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà kò mọ àwọ̀, iye ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sínú wọn ni wọ́n mọ̀. Wọ́n wá fi ìbòjú aláwọ̀ tíńtìntín bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù, kí àwọ̀ kan ṣoṣo lè ráyè wọlé síbẹ̀. Ìdajì wọn ló jẹ́ àwọ̀ ewé, nítorí òun ni ojú èèyàn fi ń rí kúlẹ̀kúlẹ̀ jù. Iṣẹ́ Bryce Bayer ní ilé iṣẹ́ Kodak nìyẹn, 1976 ni ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà sì ń lò ó títí di òní. Àwọ̀ méjì tó kù fún ojú kọ̀ọ̀kan, ètò kọ̀ǹpútà ló ń yọjú wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ kó tó méfò wọn. Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ìméfò ni ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọ̀ inú gbogbo fọ́tò mi, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Kámẹ́rà mi ń kọ RAW ní bit 14. Ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384 nìyẹn fún ojú kọ̀ọ̀kan. JPEG ní 256 péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí ni mo fi máa ń ṣe fọ́nńté pé kò sí òkùnkùn tí RAW kò lè tan iná sí. N kò ronú nípa bí wọ́n ṣe pín ìpele náà. Láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kún dé ẹnu títí dé ibi tó ti kù sí ìdajì, ìpín kan yìí nìkan ló gba 8,192. Ìpín tó tẹ̀ lé e gba 4,096. Bẹ́ẹ̀ ló ń já wálẹ̀, 2,048, 1,024, títí a ó fi kan ìpín kẹjọ, níbi tí 64 péré kù sí. Ibẹ̀ yẹn, nísàlẹ̀ pátápátá, ni òkè mi wà. Ohun tí mo mú tí mo sì ń fà gùn nìyẹn, bí ẹni tó fẹ́ fi aṣọ ọmọ ọwọ́ bo àgbàlagbà.

Kò tán síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ bí ẹ̀kán òjò ni. Níbi tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ á tutù dọ́gba. Níbi tó bá ti ta fírífírí, ibì kan á rin, ibì kan á gbẹ. Fírífírí ni òkè tó ṣókùnkùn rí gbà. Bí a bá wá fi tipátipá sọ ọ́ di mímọ́lẹ̀, àìdọ́gba yẹn náà á mọ́lẹ̀, á di wóróowóró, pupa níhìn-ín, búlúù lọ́hùn-ún. Mo sún fọ́tò àtijọ́ yẹn mọ́ ojú títí igi fi tó ìka mi. Igi tí mo rò pé mo yọ jáde, iyanrìn ni.

Clarity ló sì ya ìlà funfun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé, kó ti dúdú sí dídú sí i, kó ti funfun sí fífun sí i. Lára àpáta, ó máa ń dára. Létí òkè dúdú tó kọjú sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, tí Shadows tún ti kó ìdààmú bá, adé ló fi dé e lórí. Ẹ má wulẹ̀ pa òwe àṣejù fún mi, mo mọ̀ ọ́n.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò ya ẹyọ kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà. Mo wọ inú háàdì dísìkì lọ. Mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tó ṣókùnkùn ni mo lò. Ẹ̀kẹta mì, ó dàrú. Ìkejì gba ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, mo sì ti sàmì sí i pé kí n pa á rẹ́, nítorí ojú ọ̀run rẹ̀ ń ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà, ìyẹn àmì pé ó ti jó. Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n pa á rẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀lẹ.

Ohun tí mo wá mọ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yìí ni pé àmì ìṣẹ́jú yẹn, àti histogram, àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín hàn, tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà mi, RAW kọ́ ni wọ́n ń wò. JPEG kékeré kan tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sè, tó sì fi pamọ́ sínú RAW ká lè rí nǹkan wò, ni wọ́n ń wò. Ohun tó ti jó níbẹ̀ lè wà láàyè nínú RAW. Mo ṣí ìkejì yìí, mo fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ ní ìpín kan péré, ojú ọ̀run padà dé, tòun ti àwọsánmà tín-ín-rín tí mi ò tiẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀. Mo pariwo díẹ̀. Etí oòrùn gan-an kò padà. Sẹ́ńsọ̀ ti kún níbẹ̀, kò sí òǹkà tí ẹnikẹ́ni lè rí fà. Ó funfun báláú, ó sì yẹ kó funfun, oòrùn ni.

Òkè lohun tó dùn mọ́ mi jù. Ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ti gbé e kúrò ní ìpín kẹjọ lọ sí ìkeje kí n tó fà á padà sílẹ̀, nítorí náà dúdú rẹ̀ jọ̀lọ̀, iyanrìn rẹ̀ dín kù púpọ̀. Àṣé láti etí omi lọ́hùn-ún ni mo ti dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀rù funfun ń bà mí nígbà tí mò ń yà á, mo wá sílé wá ń bá òkùnkùn jà.

Ọwọ́ mi tún lọ sórí Shadows, àṣà ni. Mo fà á dé 15. Mo wò ó. Mo dá a padà sí òdo.

Ansel Adams, ayafọ́tò àtijọ́ nì, ló wá sí mi lọ́kàn. Ní 1941, ó ya òṣùpá tó yọ sórí abúlé Hernandez ní New Mexico, l'Amẹ́ríkà. Kò rí ẹ̀rọ tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lórí, òun ló fi ṣírò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tẹ àwòrán jáde lára nẹ́gátíìfù kan náà. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀, àwọsánmà ṣì hàn lókè. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ńṣe ló ń sọ ojú ọ̀run náà di dúdú, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bí kóró iṣin. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣàjèèjì sí i, ó sì mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ jáde. Ó bò ó mọ́lẹ̀.

Ó ku àwọ̀. Nígbà àtijọ́, mo ti gbé white balance, ibi tí a ti ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, lọ sí 7,200 Kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, kí oòrùn lè dà bíi wúrà. Nọ́ńbà yìí máa ń da orí èèyàn rú. Ìmọ́lẹ̀ tí Kelvin rẹ̀ ga, búlúù ló máa ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá gbé nọ́ńbà náà sókè nínú ètò, pípọ́n ni fọ́tò ń pọ́n. Ńṣe là ń sọ fún un pé búlúù pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, òun náà á wá da pípọ́n lé e kó lè pa á. Oòrùn mi di wúrà lóòótọ́. Ìkùukùu náà di wúrà, omi di wúrà, etí bèbè di wúrà. Mi ò rántí wúrà kankan lórí omi. Òjìji òkè ṣì bo adágún náà, ojú ọ̀run nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì rí bí aró tí wọ́n ti fi omi là. Mo ń sọ nọ́ńbà náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 6,500, 5,900, mo dúró ní 5,300. Ìgbà tí gbogbo nǹkan yòókù kò pọ́n mọ́ ni pípọ́n oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn.

Ìyókù kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tún igun tí lẹ́ńsì ti mú ṣókùnkùn ṣe, mo mú ìyàtọ̀ dúdú àti funfun le díẹ̀ lórí ìkùukùu nìkan, mo pọ́n etí igi àti ti koríko mú, ṣùgbọ́n mi ò pọ́n ojú ọ̀run mú. Mi ò fọwọ́ kan Saturation.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Alẹ́ ni, yàrá ṣókùnkùn, ojú kọ̀ǹpútà mi sì ń tàn yòò. Bí mo bá tẹ fọ́tò yìí sórí ìwé, ó lè dúdú ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe ohunkóhun sí i títí màá fi wò ó lójúmọmọ.

Àbúrò mi mú ṣájà padà wá lẹ́ẹ̀kan, ó tún dúró lẹ́yìn mi. Mi ò sọ nǹkankan.

"Òtútù mú yín níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

Mo ní ìka mi ti kú tipiri, mi ò mọ ìgbà tí mò ń tẹ kámẹ́rà. Ó ní kí n rántí pa iná bí mo bá ń lọ sùn.