Fọ́tò Ojúde Ọba àti íǹkì àjèjì: ibi tí iṣẹ́ dé

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyí: gbogbo fọ́tò Ojúde Ọba tí ẹgbẹ́ màmá mi ti fi fóònù yà láti ọdún mélòó kan wá ni mo fẹ́ tẹ̀ jáde nílé. Àwọn kan yóò wọ álíbọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, àwọn kan yóò wọ férémù tí olúkúlùkù máa gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ parí kí Iléyá tó dé, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, wọ́n sì ti ń sọ pé àwọn máa gbé álíbọ́ọ̀mù náà han àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó kù. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀ yẹn, ó ti kúrò ní eré.

Tòkunbọ̀ ni pírǹtà mi, aláwọ̀ mẹ́fà: dúdú, yẹ́lò, cyan (ó jọ búlúù ojú ọ̀run), magenta (ó jọ píǹkì tó pọ́n gan-an), pẹ̀lú cyan fẹ́ẹ́rẹ́ àti magenta fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn fẹ́ẹ́rẹ́ méjì yìí ni kì í jẹ́ kí awọ ojú ènìyàn jáde ní tótòtó. Kátíríìjì ojúlówó rẹ̀ wọ́n gan-an; owó ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odindi mẹ́fà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, èyí tí mò ń pè ní íǹkì àjèjì. Bí iṣẹ́ fọ́tò ṣe di iṣẹ́ íǹkì nìyẹn.

Íǹkì rírà

Èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pè ní "compatible" kì í ṣe ayédèrú. Orúkọ ara rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ sí páálí, ó kàn sọ pé ó bá pírǹtà báyìí báyìí mu ni. Ayédèrú ni èyí tó gbé orúkọ olórúkọ wọ̀, tó sì ń gba owó ojúlówó lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀kẹta ni kátíríìjì tí wọ́n ti lò tán, tí wọ́n wá fi síríńjì rọ íǹkì mìíràn sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jókòó sórí tábìlì kan náà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń yà sí nítòsí Òkè-Àjé.

"Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Íǹkì ni íǹkì," ọmọkùnrin tó ń tà á ló wí bẹ́ẹ̀.

"Èwo nínú wọn lo fi ń tẹ fọ́tò tìẹ?"

"Èmi kì í tẹ fọ́tò o. Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mò ń tẹ̀."

Ìdáhùn yẹn tó mi. Lẹ́tà dúdú lórí bébà funfun ò ní kó íǹkì kankan sí wàhálà. Ojú ènìyàn ló ń tú àṣírí íǹkì. Compatible ni mo mú, mẹ́fẹ̀ẹ̀fa láti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo sì ya fọ́tò nọ́ńbà ara páálí wọn kí n lè béèrè irú rẹ̀ gan-an tí mo bá padà wá.

Chip kékeré kan wà lára kátíríìjì kọ̀ọ̀kan tó ń sọ fún pírǹtà ohun tó jẹ́ àti iye íǹkì tó kù nínú rẹ̀. Òun náà ni àwọn tó ń ṣe pírǹtà fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì. HP ní èyí tó pè ní Dynamic Security, tí àtúnṣe sọ́fíwíà lè mú kí pírǹtà kọ kátíríìjì tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í jẹ́ kí pírǹtà mi lọ wá àtúnṣe kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjà yìí dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà: ní 2017, nínú ẹjọ́ Lexmark àti Impression Products, wọ́n dájọ́ pé tí ilé-iṣẹ́ bá ti ta kátíríìjì tán, ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì rẹ̀ lórí èyí tó tà yẹn ti parí, ẹni tó rà á lè rọ íǹkì sí i kó tún un tà. Àmọ́ ìdájọ́ náà ò yọ chip kúrò lára kátíríìjì ẹnikẹ́ni.

Orí pírǹtà

Kí n tó ki wọ́n bọnú ẹ̀rọ, mo kọ́kọ́ wò ó bóyá dye ni gbogbo wọn. Dye yọ́ sínú omi pátápátá. Pigment jẹ́ ẹ̀tù lẹ́búlẹ́bú tó kàn léfòó sínú rẹ̀. Pigment ń fara da oòrùn ju dye lọ, ṣùgbọ́n lórí pépà dídán ó lè máa kọ mànà bí idẹ tí a bá gbé fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́. Tí a bá sì da méjèèjì pọ̀, wọ́n lè dì. Àwọn tó ń lo Canon ló yẹ kó ṣọ́ èyí jù, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní dúdú méjì: èyí tó tóbi jẹ́ pigment fún lẹ́tà, èyí tó kéré jẹ́ dye fún fọ́tò.

Bí orí pírǹtà, apá tó ní àwọn ihò tíntìntín tí íǹkì ń gbà jáde, ṣe ń tu íǹkì náà ṣe pàtàkì. Canon àti HP ń mú íǹkì gbóná lójijì títí yóò fi hó, ooru rẹ̀ á sì tì í jáde. Ìtàn tí Canon ń sọ ni pé ní 1977, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà ló ṣèèṣì kan síríńjì tí íǹkì wà nínú rẹ̀ ní yàrá ìwádìí wọn, íǹkì sì ta jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ti Epson kì í lo ooru. Nǹkan kan tó ń ṣẹ́ po díẹ̀ tí iná mànàmáná bá ti kàn án ló ń tì í. Ní ti olóoru, íǹkì tí wọn ò pò dáadáa lè jó mọ́ inú ihò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kátíríìjì HP ló gbé orí tirẹ̀ wá: ẹni tó pààrọ̀ kátíríìjì ti pààrọ̀ orí. Orí tèmi wà nínú ẹ̀rọ títí láé. Tó bá dí pátá, owó pírǹtà mìíràn la ń sọ.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ àti iná ni wọ́n sì jọ ń bá mi jà. Tí a bá fi bọ́tìnnì pa pírǹtà, orí rẹ̀ á padà sí kọ̀rọ̀ níbi tí rọ́bà kan ti máa bò ó. Tí iná bá lọ lójijì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, àárín ọ̀nà ló máa dúró sí, láìsí ìbòrí, nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Inverter nìkan ni mo wá ń fi í tẹ nǹkan báyìí, mo sì ń tẹ àwòrán aláwọ̀ kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ihò má bàa gbẹ. N kì í yára tẹ bọ́tìnnì tó ń fọ orí. Íǹkì ló fi ń fọ̀ ọ́, ìdí ẹ̀rọ ni íǹkì ọ̀hún sì ń dà sí, sínú tìmùtìmù kan. Tí pírǹtà bá ti kà á pé tìmùtìmù náà ti kún, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Aṣọ ẹgbẹ́

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Léèsì wáìnì ni ẹgbẹ́ wọ̀ lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ góòlù. Nínú fóònù, wáìnì ni. Lórí bébà, búráùn ló bọ́ sí, ojú gbogbo wọn sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Màmá mi gbé èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lọ sípàdé, ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ bá pè mí lórí fóònù.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló wọ búráùn nínú wa?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú, wáìnì náà ni. Íǹkì ló yí i."

"Ṣé íǹkì ló máa dúró ṣàlàyé fún gbogbo Ìjẹ̀bú ni?"

Wọ́n fi gígé léèsì náà rán ọmọ wọn sí mi. N kò lè fowó ra irinṣẹ́ tó dára jù ú lọ. Ojú lè gbàgbé, fóònù kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń pọ́n àwọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohun tó fà á yé mi kíákíá. Tí mo bá yan "photo paper" nínú kọ̀ǹpútà, íǹkì ojúlówó ni pírǹtà fi ń ṣírò iye magenta tó máa da mọ́ yẹ́lò. Magenta àjèjì ò rí bákan náà, nítorí náà ìṣirò náà á wọ́. Ohun tó lè tún un ṣe ni profile tirẹ̀, fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí íǹkì yìí lórí pépà yìí ṣe ń rí gan-an. Ìlànà ICC (International Color Consortium), ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ni gbogbo ayé ń lò fún un. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tẹ káàdì ní Ṣómólú ní ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀. Wọ́n fi chart ránṣẹ́, alápótí kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi. Wọ́n ní kí n pa gbogbo àtúnṣe àwọ̀ kọ̀ǹpútà kí n tó tẹ̀ ẹ́, kí n sì jẹ́ kó sùn mọ́jú, torí dye ṣì ń yí àwọ̀ bó ṣe ń gbẹ. Dírẹ́bà ló bá mi gbé e dé Ṣómólú láti gáréèjì, profile sì padà sí mi lórí WhatsApp.

Wáìnì padà. Àwọ̀ ewé kúrò lójú wọn. Inú mi dùn títí mo fi gbé fọ́tò àti léèsì jáde sí bákónì: nínú pálọ̀, lábẹ́ gílóòbù, wọ́n jọra délẹ̀, nínú oòrùn, fọ́tò pọ́n ju aṣọ lọ. Dye inú aṣọ àti dye inú íǹkì kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bákan náà, kò sì sí profile tó lè mú wọn bára mu lábẹ́ gbogbo iná. Mo bi màmá mi léèrè èwo ni kí n tẹ̀ lé. Wọ́n ní ọ̀sán ni àwọn wọ̀ ọ́, ọ̀sán ni kí n fi wò ó. Mo tún yẹ magenta rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lójú fèrèsé, mo sì fi síbẹ̀.

Oòrùn

Bó ṣe dára lónìí kọ́ ni ìṣòro íǹkì àjèjì, bó ṣe máa rí tó bá pẹ́ ni. Mo tẹ ojú kan náà sórí pépà olówó pọ́ọ́kú àti pépà tó dára, mo fi káàdì dúdú bo ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ fèrèsé. Mo fi ọ̀kan sẹ́yìn gíláàsì, mo sì fi èyí tí mo ti fi íǹkì ojúlówó tó bá pírǹtà náà dé tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èyí tó wà lórí pépà pọ́ọ́kú ló kọ́kọ́ ṣá. Magenta rẹ̀ sá lọ, ojú di yẹ́lò rúsúrúsú. Ti pépà tó dára lọ́ra jù ú. Ti ẹ̀yìn gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ojúlówó ló dúró jù, n kò lè sẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, ojúlówó náà ti já àwọn ènìyàn kulẹ̀ rí. Ní 2000, Epson gbé Stylus Photo 870 àti 1270 jáde, fọ́tò àwọn kan sì di àwọ̀ ọsàn láàrin àkókò kúkúrú lórí pépà ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ozone inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ cyan. Pépà tó ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ ní ihò tíntìntín lára, ihò yẹn náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí Wilhelm Imaging Research, tó ń yẹ ọjọ́ orí fọ́tò wò ní Amẹ́ríkà, kì í ka ọdún fún íǹkì nìkan: íǹkì, pépà, àti bóyá gíláàsì wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n ń kà pọ̀. Ẹni tó bá ki íǹkì àjèjì sí i kò lè gbé iye ọdún tí wọ́n kọ fún ojúlówó.

Nítorí náà, álíbọ́ọ̀mù máa jẹ́ ti íǹkì àjèjì, torí inú òkùnkùn ló ń gbé. Ti ara ògiri máa jẹ́ ojúlówó, lẹ́yìn gíláàsì, kí wọ́n má sì kọ́ ọ sí ọ̀kánkán fèrèsé. N kò ní máa pààrọ̀ síwá sẹ́yìn. Álíbọ́ọ̀mù á kọ́kọ́ parí, lẹ́yìn náà ni mo máa ki ojúlówó bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí mo dé

Àwọn fọ́tò àìpẹ́ yìí ti parí. Ti fóònù àtijọ́ ò lè tóbi ju 4×6 lọ, wọ́n á fọ́. Ojú ìwé àwọn ẹlẹ́ṣin ló kù: ẹṣin dúdú kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì ń kọ àlùkò díẹ̀ lábẹ́ iná túùbù, mo sì ń ṣe é lọ́wọ́.

Magenta ti fẹ́ tán. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ṣọ́ọ̀bù ní nọ́ńbà tó yàtọ̀ sí ti fọ́tò tí mo yà, nítorí náà ẹyọ kan péré ni mo rà. Mo ti tẹ chart kan pẹ̀lú ti àtijọ́. Mo máa tẹ òmíràn pẹ̀lú tuntun yìí, màá fi méjèèjì ránṣẹ́ sí Ṣómólú nínú ọkọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè.