Wọ́n ti rẹ́rìn-ín kí n tó kà á tán

Màlúù ló gbé mi dé Chicago. Mo ti wo The Wanted 18 nílé, fíìmù tí Amer Shomali àti Paul Cowan ṣe jáde lọ́dún 2014. Ìtàn Beit Sahour ni, ìlú kan lẹ́bàá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Lásìkò Intifada àkọ́kọ́, ìgbà tí àwọn ará Palẹ́sítínì dìde sí ìjọba Ísírẹ́lì, àwọn ará ibẹ̀ ra màlúù 18 kí wọ́n lè máa fún wàrà tiwọn mu, kí wọ́n yé ra ti Ísírẹ́lì. Ìjọba Ísírẹ́lì ní màlúù wọ̀nyí léwu fún ààbò orílẹ̀-èdè. Ni sójà bá ń wá màlúù kiri, fọ́tò lọ́wọ́, àwọn ará ìlú sì ń gbé wọn pamọ́. Nínú fíìmù náà, àwọn màlúù yẹn ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tún tì mí pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe gbọ́ pé àjọ̀dún fíìmù Palẹ́sítínì tún dé ní Chicago, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Indianapolis. Oṣù kẹrin ni, síbẹ̀ atẹ́gùn ìlú yẹn ń gbáni létí bí ẹni jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ilé sinimá Gene Siskel ni wọ́n ti ń ṣe é, ní òpópónà State, ó kọjú sí Chicago Theatre. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó ti ìyá àgbà kan. Nínú fíìmù kékeré kan, ọmọbìnrin kan gbé búrẹ́dì tó ti jóná dúdú kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Bàbá wò ó, ó wo búrẹ́dì, ó ní lédè Lárúbáwá, "Yislamu ideeki." Ìdajì gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń ka òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ kò rí ju "o ṣé" lọ.

"Màmá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ó ní kí Ọlọ́run pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́."

Ọwọ́ tó jó búrẹ́dì! Mo wá rántí bí wọ́n ṣe máa ń kọ "ẹ kú ìjókòó" lóyìnbó sísàlẹ̀ fíìmù tiwa. Ìjókòó á ti sá lọ.

Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan o. Fíìmù tó tẹ̀ lé e wá láti Gásà, Màmá sì di ọwọ́ mi mú títí tó fi parí. A ò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Bridgeview, ní ẹ̀yìn odi ìlú, níbi tí wọ́n ń pè ní Palẹ́sítínì Kékeré. Mo ra knafeh, ìpápánu aládùn kan: wàràkàṣì gbígbóná nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú lókè, wọ́n da omi ṣúgà lé e. Ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá.

"Yislamu ideeki," mo sọ fún ọkùnrin tó gbé e wá.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin ni wọ́n ń sọ ọ́ fún bẹ́ẹ̀. Tọkùnrin ni "ideek". Màmá ò sọ ìyẹn fún mi. Èmi tí èdè mi kì í ya akọ yàtọ̀ sí abo, bí kò ṣe àgbà sí ọmọdé, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ó gé òmíràn sí i fún mi, kò gbowó rẹ̀.