Hot Springs: omi gbígbóná, béésìbọ́ọ̀lù àti ọgbà ọ̀nì

Ọmọ mi ọkùnrin ló fà mí lọ sí Hot Springs, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ọmọ ọdún 11 ni, béésìbọ́ọ̀lù ni jíjẹ, òun ni mímu rẹ̀. A gbéra ní Dallas láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, oòrùn ò tíì wọ̀ tí a fi débẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Iye tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni wọ́n yọ nínú káàdì mi. Wọ́n bu dọ́là 34 lé e fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní owó ìgbafẹ́ ni. Ìgbafẹ́ wo? Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí ọmọ mi ti ń fọkàn sí látàárọ̀, ṣéènì ni wọ́n fi dè é! Mo bèèrè ní káńtà, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Omi inú ike kan ṣoṣo nínú yàrá, dọ́là 5. Nínú ìlú tí omi ń sun láti inú òkè wá! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Ẹ̀rọ wà láàárín ìlú tí ẹnikẹ́ni ti lè pọn omi gbígbóná lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó wà ní Whittington Avenue sì tutù. Ọmọ Èkìtì ni mí. Ìkọ̀gòsì ló sọ sí mi lọ́kàn.

Omi yìí náà ló gbé béésìbọ́ọ̀lù débẹ̀. Lọ́dún 1886, Cap Anson, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù Chicago White Stockings, kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ wá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè fi ìwẹ̀ àti òkè gígùn yọ ọtí àti ọ̀rá tí wọ́n kó sára nígbà òtútù. Àwọn ló gba ife ẹ̀yẹ líìgì wọn lọ́dún náà. Ta ni kò ní tẹ̀lé wọn? Ẹgbẹ́ lórí ẹgbẹ́ bá ń rọ́ wá.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ síbi tí Whittington Park wà tẹ́lẹ̀, pápá tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1894. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló ti dà báyìí. Ibẹ̀ ni Babe Ruth, ìlúmọ̀ọ́ká agbábéésìbọ́ọ̀lù, ti gbá bọ́ọ̀lù kan ní March 17, 1918, tó kọjá odi, tó kọjá títì, tó já sínú ọgbà ọ̀nì. Ẹsẹ̀ bàtà 573 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣísẹ̀ kà á, títì ló dá a dúró, ni mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú kí a sọdá. Ọgbà náà ṣì wà. Ọ̀nì kan la ẹnu sílẹ̀ lẹ́bàá omi, kò mira. Ọmọ mi ní, “Dádì, ta ló wá wọlé lọ mú bọ́ọ̀lù yẹn?” Inú mi yọ́. Mo gbàgbé òtẹ́ẹ̀lì.

Àmọ́ Malvern Avenue ló wọ̀ mí lára jù. Láyé ìgbà yẹn, àwọn dúdú ló ń fọ ẹ̀yìn fún àwọn funfun nínú àwọn ilé ìwẹ̀ mèremère tó wà ní Bathhouse Row, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí àwọn fúnra wọn wẹ̀ níbẹ̀. Pittsburgh Crawfords, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù àwọn dúdú tí àwọn ìlúmọ̀ọ́ká bíi Satchel Paige àti Josh Gibson ti gbá bọ́ọ̀lù, ti gbára dì nínú ìlú yìí kan náà. Malvern Avenue ni ilé ìwẹ̀ àwọn dúdú wà nígbà náà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ mi, kò fèsì fún ìgbà pípẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a pọn kẹ́ẹ̀gì méjì. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí a dé Texarkana lójú ọ̀nà ilé.